Bí Iṣan Mi Ṣe Gan Bíi Rọ́bà Àtijọ́

Ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní ìdájí ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo forí kanlẹ̀ nínú mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìsọlọ̀, n kò sì lè gbé e kúrò nílẹ̀ mọ́. Lèmọ́ọ̀mù wà níwájú. Àwa mẹ́rin la wà lẹ́yìn rẹ̀: èmi, Gàníyù tí a jọ ń ṣiṣẹ́, bàbá arúgbó kan tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí, àti ọkùnrin kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Orí kò fọ́ mi. Òòyì kò kọ́ mi. Mo gbọ́ ohùn Lèmọ́ọ̀mù, mo gbọ́ bí aṣọ àwọn yòókù ṣe dún nígbà tí wọ́n dìde. Mo rán ọwọ́ níṣẹ́ pé kó ti ilẹ̀, ọwọ́ kò ti nǹkan kan. Mo rán itan níṣẹ́, itan kò dáhùn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Wọ́n kírun tán, wọ́n sálámà. Mo ṣì wà níbẹ̀, ìdí lókè, imú lórí ẹní.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni bàbá arúgbó yẹn wí. "Ọkùnrin tí ìyàwó ẹ̀ ti kú, ọ̀rọ̀ tó ní í bá Ọlọ́run sọ máa ń pọ̀."

Ọkùnrin tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ yẹn rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ wo ló gùn tó báyìí? Oorun ló ń sùn."

Gàníyù fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n Ràṣídì! Ẹ̀gbọ́n! Àbí ẹ ti kú ni?"

"Gbé mi," ni mo sọ sínú ẹní.

Ó ki ọwọ́ bọ abíyá mi, ó fà mí sókè bí ẹni fa àpò símẹ́ǹtì. Ó dùn mí débi pé mo ké nínú ilé Ọlọ́run. Lèmọ́ọ̀mù yíjú padà wò mí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ orí ló ń dà mí láàmú.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mí. Ìyàwó mi ti ṣaláìsí, ọmọ kan ṣoṣo ló bí fún mi, Bàṣírà ni orúkọ rẹ̀. Ó lé lọ́dún méjìdínlógún tí mo fi gé rọ́bà ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bàtà sílípáàsì ní Ìsọlọ̀ níbí. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́, nítorí náà mo lè kọ èyí fúnra mi. N kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àmọ́ mo mọ̀ pé ẹnì kan wà níbì kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé iṣan rẹ̀ ló ń kú, tí àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti yí i ká. Òun ni mò ń kọ ọ́ sí.

Kí ó tó di ọjọ́ mọ́ṣáláṣí yẹn, ó ti tó oṣù mẹ́ta tí àìsàn náà ti wọlé. Kò kan ilẹ̀kùn. Ohun àkọ́kọ́ ni pé mo na ọwọ́ sí bùbá tí mo fi kọ́ ìṣó lára ògiri, ọwọ́ mi dúró sí agbedeméjì. Mo fi ọwọ́ òsì ti ọ̀tún lẹ́yìn kí n tó mú un. Mo rẹ́rìn-ín ara mi. Lẹ́yìn náà, mi ò lè fi ọṣẹ kan ẹ̀yìn mi mọ́. Lẹ́yìn náà ni afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Òṣòdì, tí mo ti ń gùn láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Mo di irin rẹ̀ mú, mo ń fa ara mi lọ sókè bí ẹni fa omi nínú kànga. Obìnrin kan tó ru páálí ìwé lórí dé ẹ̀yìn mi.

"Bàbá, ẹ rìn tàbí kí ẹ yà!"

Mo yà. Ó kọjá. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú.

Mo sọ fún ara mi pé àárẹ̀ iṣẹ́ ni. Mo gbé e lọ síbi tí gbogbo wa máa ń gbé àárẹ̀ lọ. Ní ẹ̀ka tiwa nílé-iṣẹ́, àṣà kan wà tí à ń pè ní fífà. Láàárọ̀, kí aago iṣẹ́ tó lù, wọ́n á tẹ́ páálí sí ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí. Ẹni tí ara bá ń dùn á sùn lé e. Ẹni méjì á di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹni méjì á di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n á máa fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ṣé ó dún?"

"Ó kù díẹ̀!"

"Ṣé ó dún?"

"Ó ti dún!"

Tí oríkèé bá ti dún, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ẹni náà á dìde, á bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Gàníyù ni ọ̀gá níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ le bí irin. Ó máa ń ní pé ara ò yàtọ̀ sí rọ́bà, bí a bá ṣe ń fà á ló ṣe ń rọ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ti ń fà mí, ó sì máa ń tù mí lára. N kò purọ́ mọ́ wọn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́ṣáláṣí yẹn, wọ́n fà mí ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n tún fà mí ní Mọ́ńdè. Ara mi kò dún. "Ó ti gan," ni Gàníyù wí. "Ẹ fà á dáadáa, ẹ má ṣe é bí ọmọ tuntun." Nígbà tí wọ́n jù mí sílẹ̀, omi ń dà lójú mi. Ọ̀gá wa ní kí n lọ sinmi nílé.

Ilé ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti wá bá mi. Ìyá Òṣòdì ni gbogbo ẹbí ń pè é, nítorí ibẹ̀ ló ti ń ta aṣọ ọmọdé. Òun ló tọ́ mi ní Ìṣẹ́yìn lẹ́yìn ikú ìyá wa. Tó bá ní kí n jókòó, mo máa ń jókòó títí di òní. Ó dúró lórí mi, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ràṣídì, ìyàwó ẹ ló ń fà ọ́."

"Ìyá Bàṣírà ti kú láti ọdún mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ẹni tó wà láàyè ló máa ń fani ni? O ò fẹ́ ẹlòmíì. Ò ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tẹ́ ẹ jọ sùn. Ó rò pé o ṣì ń dúró de òun."

Bàṣírà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ní, "Ìyá Òṣòdì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sí ọsibítù."

"Dákẹ́. Ojú ẹ ti là jù. Nígbà tí mo ń fọ ìdí bàbá ẹ, níbo lo wà?"

"Mi ò tíì dáyé, mà."

"Ẹn-ẹ́n. Dúró síbi tó o wà nígbà yẹn."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò lágbára. Mo gbà fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo mu hàǹtú, omi tí wọ́n fi fọ wàláà, tó gbà wá lọ́wọ́ àfáà kan ní Èjìgbò. Mo mu àgbo làkúrègbé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì wa síta, wọ́n tà á fún ẹni tó ń ra àlòkù. Mo sùn sórí ẹní, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé mi dìde láràárọ̀. Bàṣírà nìyẹn. Á ki ọwọ́ bọ abẹ́ mi, á ní, "Dádì, ẹ ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀." N kò ní nǹkan kan tí mo lè fi ràn án lọ́wọ́.

Nígbà tí kò sí àyípadà, Ìyá Òṣòdì fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe Gàníyù. Òun àti àwọn mẹ́ta wá sílé wa lẹ́yìn iṣẹ́. Wọ́n tẹ́ mi sí pálọ̀. Ìfẹ́ ló gbé wọn wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ ìyẹn. Wọn kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n wá lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n fà mí bí ẹni fa awọ kan. Ìyá Òṣòdì jókòó sórí àga, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbọ́ igbe mi, pé àìsàn náà ló ń ké.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo tọ̀ sínú póò. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí wọn kò fi mílíìkì sí. Mo pe Bàṣírà, ó pe Ìyá Òṣòdì, Ìyá Òṣòdì tẹ̀ ba, ó wò ó, ó pàtẹ́wọ́.

"Alihamudulilahi! Ẹ wò ó, ẹ wò ó! Ìdọ̀tí ló ń jáde yẹn. Gbogbo ohun tí wọ́n ti kó sí i lára ló ń jáde."

Ó fóònù Gàníyù. Mo gbọ́ ohùn Gàníyù nínú fóònù náà: "Mo sọ fún yín, Ìyá. Ẹ jẹ́ kó mu àgbo púpọ̀ sí i."

Mo mu púpọ̀ sí i. Ìtọ̀ náà dúdú sí i. Inú ilé dùn. Ìyá Òṣòdì se ọbẹ̀ ẹja lọ́jọ́ yẹn, mo fi í sẹ́nu, kò lọ. Ó dúró sí ọ̀fun mi, omi tí mo fi tẹ̀ lé e gba imú jáde. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ìtọ̀ náà kò wá mọ́ rárá. Bàṣírà kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó dúró kí Ìyá Òṣòdì lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, ó pe oníkẹ̀kẹ́ Márúwá, òun àti oníkẹ̀kẹ́ náà sì gbé mi jáde bí àga tó ti ṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ sí ọsibítù ìjọba mọ bẹ́ǹṣì yẹn. Ẹ jókòó sí ìparí rẹ̀. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti wọlé, gbogbo yín á fi ìdí sún síwájú. N kò lè sún. Obìnrin tó wà lẹ́yìn mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

"Bàbá, ẹ sún."

"N kò lè sún."

"Ẹ ò lè sún? Ṣé ẹ fi gúlúù lẹ̀ mọ́ bẹ́ǹṣì ni? Báwo lẹ ṣe wá débí?"

"Wọ́n gbé mi wá."

"Kí ẹni tó gbé yín wá wá sún yín nígbà náà! Gbogbo wa náà ló ń ṣàìsàn."

Bàṣírà wà lórí ìlà mìíràn, ó ń gba káàdì. Láàárín ìyẹn, ẹni bíi márùn-ún ti rékọjá mi. Mo jókòó síbẹ̀ bí òkúta nínú odò. Nígbà tí Bàṣírà padà dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi sún, bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ ni, títí a fi dé ẹnu ọ̀nà. Obìnrin yẹn wò ó títí. Níkẹyìn, ó dìde, ó di apá mi kejì mú. Kò tọrọ àforíjì, kò sì bú mi mọ́.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin, kò ju ọmọ ogójì ọdún lọ. Ó ká bùbá mi sókè, ó rí ibi tí apá àti itan mi ti dúdú.

"Ta ló lu bàbá yìí?"

"Wọn ò lù mí. Wọ́n fà mí ni."

Ó wo Bàṣírà. Bàṣírà wolẹ̀. Dókítà wo ìtọ̀ díẹ̀ tí wọ́n rí gbà, ó pe nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní kí wọ́n wá bẹ́ẹ̀dì fún mi. Lẹ́yìn tí wọ́n ti so omi mọ́ mi lọ́wọ́ ló tó fa àga sún mọ́ mi.

"Bàbá, ẹ gbọ́. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí ni ara fi ń dáná nínú iṣan kí iṣan tó lè ṣiṣẹ́. Kò sì sí iná tí kì í ní èéfín. Ara tó bá le máa ń gbá èéfín yẹn dànù lójoojúmọ́. Tiyín ò gbá a mọ́. Àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa ṣọ́ ara yín ti kọjú ìjà sí iṣan yín. Èéfín yẹn ti wá pọ̀ jù, ó ń jẹ fọ́nrán iṣan bí ìpẹtà ṣe ń jẹ irin. Èyí tó bá sì jẹ, ohun méjì ló ń sọnù lára ẹ̀. Kò ní lágbára láti fa nǹkan mọ́. Kò sì ní lè nà kó tún padà sí bó ṣe wà."

"Bíi rọ́bà tó ti pẹ́ lóòrùn," ni mo wí.

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Òun ni mò ń gé."

"Ó dáa. Tí ẹ bá wá di irú rọ́bà yẹn mú ní ìpẹ̀kun méjèèjì, tí ẹ fà á ńkọ́?"

Mo wo apá mi tó dúdú.

"Ó máa já," ni Bàṣírà sọ.

"Ó já," ni dókítà wí. "Àwọ̀ tí ẹ rí nínú ìtọ̀ yẹn, ẹran ara yín tó já ni. Ó ti fẹ́ dí kíndìnrín yín pa."

Ẹran ara mi ni mo ń tọ̀ dànù, tí wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mo bi í léèrè ohun kan ṣoṣo. Mo ní, ṣé màá tún lè dìde nílẹ̀ fúnra mi? Ó ní, "Èyí tó ti kú nínú iṣan yín kò ní jí mọ́. Èyí tó ṣẹ́ kù la fẹ́ gbà sílẹ̀. N kò mọ iye tó ṣẹ́ kù. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ láìsí oògùn ló ṣe ń dín kù." Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò tàn mí.

Wọ́n gé ẹran bíńtín lára itan mi láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyẹn ló dá ìjà sílẹ̀. Ìyá Òṣòdì gbọ́, ó sì dé sí wọ́ọ̀dù lọ́sàn-án ọjọ́ kejì pẹ̀lú Mùtíù ọmọ rẹ̀ àti kúlà oúnjẹ kan. Táásì wà nísàlẹ̀. Ó ní òun ti bá wọn sọ̀rọ̀ nílé, Ìṣẹ́yìn là ń lọ.

"Wọ́n ti ń gé àbúrò mi bí ẹran iléyá! Mùtíù, gbé e."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ẹni tí kò bá tíì ṣe é rí. Èèyàn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọpọlọ rẹ̀ pé, ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gbé e, wọ́n ti gbé e náà nìyẹn. Kò lè di bẹ́ẹ̀dì mú. Kò lè ta ẹsẹ̀. Ẹrù ni. Mùtíù ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ orúnkún mi. Bàṣírà bọ́ sáàárín, Ìyá Òṣòdì sì gbá a létí.

"Ìwọ àti ìyá ẹ lẹ fẹ́ pa á! Ọ̀kan ń fà á níbẹ̀, ọ̀kan ń tì í níbí!"

Ọ̀fun mi ti wú, ọ̀rọ̀ kì í jáde dáadáa. Mo ní, "Mùtíù, sọ̀ mí kalẹ̀." Ó sọ̀ mí kalẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tún fọwọ́ kan ọmọ mi. N kò lọ síbì kankan."

Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn báyìí rí. Ó wò mí bí ẹni tí ajá rẹ̀ bù jẹ.

"O ò lọ?"

"N kò lọ."

"Ó dáa. Bó o bá kú, kí àwọn dókítà sin ọ́. Kí o má rán ẹnikẹ́ni sí mi."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé kúlà oúnjẹ rẹ̀, ó gbé e lọ. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì fi ẹsẹ̀ kan ilé mi. Mo ti ránṣẹ́ sí i lọ́dún iléyá méjèèjì tó kọjá, ó dá ẹran náà padà. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu irú ìpinnu yìí, n kò ní parọ́ fún yín pé ẹbí á padà wá bẹ̀ yín. Àwọn míì kì í wá.

Oògùn náà gbà mí sílẹ̀, ó sì jẹ mí níyà. Ojú mi wú títí àwọn ará àdúgbò fi ń sọ pé mo ti ń sanra. Ebi ń pa mí bí ẹni tó ní ejò nínú. Oorun sá. Inú ń bí mi sí Bàṣírà láìnídìí, á kàn máa ka oògùn fún mi. Iye tó ná wa kò ṣeé fẹnu sọ; a ta fìríìsà tí ìyàwó mi fi ń ta omi tútù, Bàṣírà sì fi ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ wọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rù tún ń bà mí lójoojúmọ́ pé bóyá oúnjẹ tí mo ń gbé mì ni yóò pa mí. Ilé-iṣẹ́ dúró dè mí díẹ̀, wọ́n wá fi Wàsíù rọ́pò mi. Wàsíù ò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ lọ, èmi fúnra mi ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀bẹ mú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe wà báyìí. Mò ń tọ̀ dáadáa. Mò ń jẹun, bí mo bá jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mò ń fi ọ̀pá rìn dé ojú títì. Mo lè dìde lórí àga gíga fúnra mi, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, Bàṣírà sunkún, mo ní kó má pariwo. Àmọ́ ọwọ́ mi kò kọjá èjìká, òun ló ń wọ bùbá fún mi. Orí àga ni mo ti ń kírun. Ní àyẹ̀wò tó kẹ́yìn, dókítà tẹ itan mi níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó ní, "Bàbá, ibi tí a lè bá a dé rèé. Ẹ ò ní lè dìde nílẹ̀ fúnra yín mọ́. Ẹ má ṣe jókòó sílẹ̀ níbi tí kò sí èèyàn." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ọwọ́ yín kò bá gbókè mọ́, bí ẹ bá ń fi ọwọ́ ti orúnkún kí ẹ tó dìde, bí àtẹ̀gùn bá di òkè fún yín láàárín oṣù díẹ̀, ẹ má pè é ní ọjọ́ orí. Ẹ lọ kí wọ́n wò yín. Bí ìtọ̀ bá yí àwọ̀ padà, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìdọ̀tí ló ń jáde. Bí oògùn bá ń jẹ yín níyà, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fà yín. Ìwọ̀nba tí mo mọ̀ nìyẹn. Àwọn kan wà tí wọ́n tètè lọ, tí wọ́n ń rìn bíi tàtijọ́ báyìí. Mo rí wọn ní kílíníkì, mò ń jowú wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan tí kò tíì pẹ́ ni Gàníyù wá kí mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ọsibítù. A jókòó. Ó bú ọ̀gá, ó bú iná mànàmáná, ó yìn mí pé ara mi ti ń dá.

"Wàsíù ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ọ̀lẹ ni! Ó ní ọwọ́ òun ò gbé rọ́bà sórí tábìlì mọ́. Ó ní àtẹ̀gùn ń ni òun lára. Ẹ má dá a lóhùn, a máa fà á láàárọ̀ ọ̀la."

Mo wò ó. Kò rí nǹkan kan nínú ohun tó sọ.

"Gàníyù. Wò mí."

"Ẹ̀gbọ́n, tiyín yàtọ̀. Àìsàn ni tiyín. Wàsíù ò ṣàìsàn, ó kàn gan ni."

"Lọ́jọ́ tí ẹ fà mí tí ara mi kò dún, kí lẹ sọ pé ó ṣe mí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó dìde. "Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ bíi dókítà. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ."

Mo pe nọ́ńbà Wàsíù títí, kò wọlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo ní kó gbé mi dé ẹnu géètì ilé-iṣẹ́. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé ti tò sójú ọ̀nà. Géètìmáànù mọ̀ mí, ó jẹ́ kí n wọlé. Nígbà tí mo fi ọ̀pá dé ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí, páálí ti wà nílẹ̀, Wàsíù ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ó lé ní ẹni mẹ́jọ tó wà níbẹ̀.

"Ha! Ẹ̀gbọ́n Ràṣídì! Ẹ wá gbapò yín padà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo ti to ọ̀rọ̀ jọ nínú kẹ̀kẹ́. Èéfín, ìpẹtà, fọ́nrán, gbogbo rẹ̀ wà lórí mi. Mo yanu, kò sí èyí tó jáde. Gàníyù ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà díẹ̀, aago máa tó lù."

Mo gbé ọ̀pá ti ògiri. Mo di ògiri mú, mo jẹ́ kí orúnkún mi já, mo sì ṣubú sórí páálí náà. Mo yí ara mi títí mo fi dojú kọ òkè.

"Èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ fà," ni mo wí.

Ẹnì kan tún rẹ́rìn-ín. Gàníyù tẹ̀ ba. Bóyá ó rò pé eré ni, bóyá ọwọ́ rẹ̀ ló ti mọ́ iṣẹ́ yẹn. Ó di itan mi mú látorí ṣòkòtò. Ṣòkòtò náà fẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wọlé, wọ́n ń lọ, wọ́n ń lọ, ìka àti ìka pàdé yí itan mi ká. Mo rí ojú rẹ̀. Ó yọ ọwọ́, ó nù ún mọ́ ara ẹ̀wù rẹ̀, ó padà sẹ́yìn.

Aago iṣẹ́ lù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, Gàníyù ni ó ṣíwájú. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn mí. Mo wà nílẹ̀, mò ń wo páànù òrùlé.

Wàsíù nìkan ló kù, ẹ̀wù rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi.

"Bàbá, aago mélòó ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba káàdì ní ọsibítù yẹn?"

Mo sọ fún un. N kò mọ̀ bóyá irú tèmi ló ń ṣe é, bóyá àárẹ̀ lásán ni. Ó na ọwọ́ sí mi láti gbé mi dìde. Mo ní rárá, kó má fi ọwọ́ yẹn gbé nǹkan kan, kó lọ pe géètìmáànù wá fún mi.